Ìjókòó Kan fún Sùlè

Ọmọ́lẹ́yẹ, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tí ó fi èémí sí wa nímú di òní, tí ó sì fún ọwọ́ mi lágbára láti di kálàmù mú. Mo gbàgbọ́ pé ara rẹ le, pé ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ wà ní àlàáfíà, àti pé ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ rẹ ní Boundary ní Èkó ń rọ́wọ́ mú. Àwa náà wà láàyè. Òjò ti bẹ̀rẹ̀, iṣu ti ń yọ, ìjọ sì ti kun ilé ìsìn wa lọ́dà tuntun.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ Dáhùnsí ni mo fẹ́ sọ. Láti ọjọ́ tí a ti jọ jókòó ní kóòtù, tí adájọ́ kejì tún dá a lẹ́bi pé òun ni ó wa ọkọ̀ àjàgbé tí ó kó ẹrù ẹlẹ́rù jáde ní yáàdì kọ̀ntẹ́nà ní Àpápá, ohun kan kò kúrò lọ́kàn mi. O rántí pé nígbà ẹjọ́ àkọ́kọ́, Sùlè, ọlọ́dẹ tí ń ṣọ́ géètì yáàdì náà, ni ó jẹ́rìí pé òun rí ojú Dáhùnsí. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn fagi lé ìdájọ́ yẹn, wọ́n ní kí a tún ẹjọ́ náà gbọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kí a tó tún un gbọ́, Sùlè kú. Síbẹ̀, akọ̀wé kóòtù, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ nì, dìde, ó ṣí ìwé ẹjọ́ àkọ́kọ́, ó sì ń sọ̀rọ̀ bí Sùlè, pé òun rí i pẹ̀lú ojú ara òun, òun sì di géètì mú. Ọmọ mi, òkú ń ti ẹnu obìnrin jẹ́rìí, adájọ́ ń kọ ọ́ sílẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ̀n. Èmi nìkan ni mo dìde láti kí i, tí ọlọ́pàá ní kí n jókòó.

Nígbà tí agbẹjọ́rò wa, Onyinyechi, wá sọ pé àyè wà láti tún pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, ṣùgbọ́n pé àkókò ti ń lọ, àti pé bí a kò bá rí ẹ̀rí tuntun, Dáhùnsí yóò ṣe ẹ̀wọ̀n náà tán, mo fi àdúrà rò ó. Bí òfin bá lè gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu òkú láti fi dá ènìyàn lẹ́bi, a jẹ́ pé a lè bẹ òkú kan náà pé kí ó wá tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe.

Mo wọ aṣọ tí mo fi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, mo lọ sí Ìdí-Èkìkà tí wọ́n sin Sùlè sí. Ganiyat, ìyàwó rẹ̀, gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀. Mo ní kí ó jọ̀wọ́ mú mi lọ bá ọkọ rẹ̀. Ó ní bàbá, ṣé ẹ kò gbọ́ ni, mo ní mo gbọ́. Lẹ́yìn ilé, ní ọ̀sán gangan, mo ṣí fìlà níwájú sàréè náà, mo kí i, mo ní n kò bínú sí i, pé níbi tí ó wà báyìí kò sí ọ̀gá tí ó lè lé e kúrò níṣẹ́ mọ́, kí ó jọ̀wọ́ sọ òtítọ́. Ewé kan kò mì. Nígbà náà ni Ganiyat bú sẹ́kún, ó wọlé, ó gbé fóònù ọkọ rẹ̀ jáde. Ó ní òun kò jẹ́ kí iná inú rẹ̀ kú láti ọjọ́ tí ó ti lọ. Ó tẹ̀ ẹ́, Sùlè sì dá mi lóhùn.

Ó ní Ganiyat, ọkàn mi kò balẹ̀ o, ọ̀gá ní kí n sọ pé Dáhùnsí ni, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yìn ọkọ̀ ni mo rí, n kò rí ojú ẹnikẹ́ni. Ó wúkọ́. Ọkọ̀ ojú omi kan sì fọn fèrè lẹ́yìn rẹ̀, fèrè gígùn bí igbe màlúù tí ebi ń pa. Ganiyat ní láti Àpápá ni ó ti fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ sí òun nígbà ẹjọ́ àkọ́kọ́, ẹ̀rù ni kò jẹ́ kí òun sọ̀rọ̀. N kò bá a jiyàn, nítorí ọ̀fọ̀ ń ṣe é. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Sùlè, mo bi í bóyá yóò bá wa wá sí Èkó. Ganiyat tún tẹ̀ ẹ́: ọ̀rọ̀ kan náà, ikọ́ kan náà ní ibi kan náà. Mo gbà pé bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ́hùn-ún nìyẹn. Mo wá bi í bóyá ó ti rí ìyá rẹ níbẹ̀. Ó ní òun kò rí ojú ẹnikẹ́ni. Ó dùn mí díẹ̀, n kò ní purọ́ fún ọ.

Fóònù náà wà lọ́wọ́ mi. Mo fi aṣọ funfun wé e, mo gbé e sí ẹ̀gbẹ́ Bíbélì. N kò fi pè ọ́, kí ohùn mi má baà bo tirẹ̀ mọ́lẹ̀, ìdí nìyí tí mo fi kọ lẹ́tà. Ganiyat ti ròyìn fún àwọn ará yáàdì tí wọ́n wá kí i pé ohùn ọkọ òun wà lọ́dọ̀ mi, láti ìgbà náà ni fóònù náà sì ti ń dún ní ìrọ̀lẹ́. Bí mo bá gbé e, ẹnikẹ́ni kì í sọ̀rọ̀. Èémí ni mo ń gbọ́, àti fèrè ọkọ̀ ojú omi. Mo mọ̀ pé Sùlè ni. Mo máa ń ka Sáàmù fún un. Lánàá ó sọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀, bí ẹni tí nǹkan bo ẹnu rẹ̀. Mo rò pé erùpẹ̀ ni. Ó bèèrè bóyá ẹlòmíràn ti gbọ́ ohun tí ó wà nínú fóònù náà. Mo ní rárá, èmi àti Ganiyat nìkan ni. Ó bèèrè ibi tí a ó sọ̀ sí. Mo ṣàlàyé dáadáa fún un: ní Ọjọ́bọ̀, ní ṣọ́ọ̀bù rẹ ní Boundary. Ó ní òun yóò pàdé wa níbẹ̀.

Nítorí náà, fi owó ọkọ̀ rán Gafar, awakọ̀ tí ó mú lẹ́tà yìí wá. Kí ó jẹ́ ti èmi, ti Ganiyat, àti ti ìjókòó kan láàárín wa fún Sùlè; bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé yóò ṣáájú wa dé, n kò fẹ́ kí wọ́n gbé ẹrù lé e ní ọ̀nà. Fi díẹ̀ kún un fún ẹni tí ń bá wa cháàjì fóònù, nítorí bí iná yẹn bá kú, ọkùnrin náà yóò kú lẹ́ẹ̀kejì, Dáhùnsí kò sì ní ní ẹlẹ́rìí mọ́. Sọ fún Onyinyechi pé ẹlẹ́rìí ti gbà. Gbá iwájú ṣọ́ọ̀bù, tọ́jú omi tútù, má sì bẹ̀rù bí o bá rí i tí ó dúró sí ẹnu ọ̀nà kí a tó dé.

Èmi bàbá rẹ gbàdúrà pé kí Olúwa fi ojú ara rẹ̀ ṣọ́ ilẹ̀kùn rẹ, kí ó mọ gbogbo ẹni tí ń kàn án, kí ó sì kó ìwọ, ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ rẹ pamọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ títí a ó fi fojú kan ara wa. Àmín.