Ibi Tí Màmá Yóò Sùn Nílùú Tí Ọkọ̀ Kì í Wọ̀

Ọmọ mi, ìyá mi àtàtà,

Kí lẹ́tà yìí bá ọ lórí ìjókòó, kó má bá ọ lórí ìdùbúlẹ̀. Ṣé iṣẹ́ ń lọ? Ṣé ọkọ rẹ ń jẹun dáadáa? Ẹ̀yìn tí o ní ó ń dùn ọ́ nítorí àga ọ́fíìsì, ṣé ó ti fi ọ́ sílẹ̀? Ọlọ́run á mú un kúrò pátápátá. Kò sí ohun tó burú níbí àfi àwọn ohun tó ti burú tẹ́lẹ̀. Òrùlé ibi tí mo ti ń sun ìkòkò ti ṣí lápá kan. Adìyẹ tí o máa ń pè ní Ọ̀gá Ilé ti kú, a sì ti jẹ ẹ́, ẹran rẹ̀ le bí ọkàn àwọn èèyàn kan.

Mo rí iṣẹ́ tí o rán sórí fóònù àbúrò mi télọ̀. O ní kí n wá wo àmù mi nínú ilé ńlá tí wọ́n ń kó ohun àtijọ́ pa mọ́ sí, pé o rí i níbẹ̀, o sì dá ọwọ́ mi mọ̀ lára rẹ̀. Inú mi dùn. O ní ọkọ̀ kì í wọ àárín ìlú yín mọ́, pé ẹsẹ̀ ni gbogbo èèyàn fi ń rìn, nítorí náà kí n yan ibi tí n ó sùn nínú ilé mẹ́ta tí o fi àwòrán wọn ránṣẹ́, pé gbogbo wọn ló sún mọ́ ibi àmù. O ní kí n fara balẹ̀ yàn. Mo ti fara balẹ̀.

Ilé àkọ́kọ́ ní ìràwọ̀ mẹ́rin. Mo ní bí èèyàn bá lè dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì kó máa ka ìràwọ̀, òrùlé ibẹ̀ burú ju tèmi lọ nìyẹn, kí ló dé tí wọ́n tún ń gbowó? Àbúrò mi rẹ́rìn-ín títí abẹ́rẹ́ fi gún un lọ́wọ́. Ó ní ìràwọ̀ ni wọ́n fi ń sọ bí ilé ṣe dára tó, pé àwọn tó ti sùn níbẹ̀ ló ń fún un. Wọ́n sì kọ̀wé sílẹ̀ lóòótọ́. Obìnrin kan ní ìrọ̀rí ga jù, ọrùn ń dun òun. Ọkùnrin kan ní ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà kò dáhùn nígbà tí òun kí i. Àánú wọn ṣe mí. Mo ní kí àbúrò mi bá mi kọ ọ́ sábẹ́ ọ̀rọ̀ wọn pé kí obìnrin yẹn fi omi gbígbóná tẹ ọrùn rẹ̀, kí ọkùnrin náà má bínú, bóyá onítọ̀hún kò gbọ́ ni. Ó ní wọn ò ní rí i. Mo ní ṣé kì í ṣe àlejò bíi tèmi ni wọ́n ni?

Ilé kejì, bẹ́ẹ̀dì lórí bẹ́ẹ̀dì ni, ẹni tí n kò mọ̀ rí ni yóò sì sùn lókè mi. Láti kékeré ni mo ti ń mọ ìkòkò, n kò to èyí tó wúwo lé orí èyí tó ti gbó rí. Mo fi ìyẹn sílẹ̀.

Ilé kẹta ló wù mí jù lójú àwòrán, aṣọ fèrèsé rẹ̀ funfun nini. Ṣùgbọ́n wọ́n ní onílé kò ní sí nílé. Kọ́kọ́rọ́ wà nínú àpótí kékeré lára ògiri, èèyàn á tẹ nọ́ńbà, àpótí á là, èèyàn á ṣílẹ̀kùn fúnra rẹ̀. Mo bi àbúrò mi pé ta ni yóò wá kí mi káàbọ̀. Ó ní kò sí. Mo ní bí mo bá wọlé tí mo kí ará ilé ńkọ́, ta ni yóò dáhùn? Ó ní ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin náà lẹ ó kí, ẹ̀yin náà lẹ ó jẹ́.

Ó wá fi hàn mí bí ọ̀nà ṣe lọ nínú àwòrán ìlú yín lórí fóònù. Ìlà búlúù kan jáde láti ilé kẹta, ó ń lọ sí ibi àmù, ó sì gba iwájú òpópónà yín kọjá. Mo mọ orúkọ òpópónà yín, òun ni mo máa ń kọ sẹ́yìn lẹ́tà. Mo ní kó dúró níbẹ̀. Iye owó wà lórí gbogbo ilé inú àwòrán náà, àfi ilé yín nìkan. Mo rò ó pé bóyá ọ̀fẹ́ ni. Mo tún rò ó pé bóyá ó ti kún. Mo bi àbúrò mi. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní ọmọ tó ní kí ìyá òun yan ibi tí yóò sùn, ó ti kọ́kọ́ yan ibi tí kò ní sùn. Mo bá a wí. Mo ní ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ́rẹ́ rẹ̀ lọ, pé ó lè jẹ́ pé ilé yín kò láyè ni.

Ṣùgbọ́n awakọ̀ tó gbé àpò àgbàdo wá fún yín lọ́dún tó kọjá jókòó tì wá, ó ń dúró de ṣòkòtò rẹ̀. Ó ní òun fi orí ru àpò náà láti ibi tí ọkọ̀ dúró sí dé inú ilé yín, ilé náà kò kéré. Ó ní yàrá kan wà tí ẹnikẹ́ni kì í sùn, kẹ̀kẹ́ rẹ àti ti ọkọ rẹ ló wà níbẹ̀, pé o ní kí òun má gbé àpò síbẹ̀ kí eruku má bà lé wọn. Mo ní o ṣe dáadáa. Níbi tí ọkọ̀ kì í wọ̀, kẹ̀kẹ́ ni èèyàn pàtàkì. Ohun tó ń gbé èèyàn ló yẹ kó sùn sínú ilé. Èmi náà gbé ọ rí, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́.

Ni mo bá yan ibi tèmi. O mọ̀ bí àwa amọ̀kòkò ṣe ń ṣe é. Ẹni tó bá mọ àmù ńlá ló ń sìn ín dé ilé ẹni tó rà á, òun ló ń gbé e jókòó, òun ló ń bu omi àkọ́kọ́ sí i, á sì sùn tì í kó lè fọwọ́ kan ìdí rẹ̀ láàárọ̀ bóyá ó jò. Gbogbo àmù mi ni mo sùn tì, àfi ọ̀kan yẹn. Oyún rẹ ló wà nínú mi nígbà tí mo mọ ọ́n, ọjọ́ tí wọ́n wá gbé e gan-an ni mo ń rọbí rẹ. Àmù lọ, èmi dúró tì ọ́. Mo wá rò ó pé àsìkò ti tó kí n lọ sun oorun tí mo jẹ ẹ́ ní gbèsè. O ní iná ń tàn sí i lára, afẹ́fẹ́ tútù ń fẹ́ sí i, ọkùnrin kan sì dúró tì í kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Kò sí ẹni tó ní kó yan ibi tí yóò sùn. Ilé tó gba iṣẹ́ ọwọ́ mi báyẹn, ṣé kò ní gba ọwọ́ náà? Mo ti ká ẹní mi.

Mo ní kí àbúrò mi pe ilé náà. Obìnrin kan ló gbé fóònù, òun ló ń tọ́jú àwọn ohun amọ̀ níbẹ̀. Mo sọ ẹni tí mo jẹ́, mo ní kó jọ̀ọ́ sọ ibi tí wọ́n ń tẹ́ ẹní sí fún ẹni tó mọ àmù, pé n kì í hanrun. Ó wá rọra sọ pé Màmá, ẹnikẹ́ni kì í sùn níbí, bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú wọ́n á tìlẹ̀kùn. Ó ní òun ló ń nu àmù náà, pé ipa ìka kan wà nínú ọrùn rẹ̀ tí òun máa ń fi ìka tòun wọ̀n, ó ti pẹ́ tí òun ti ń rò ó pé ta ló ni ín. Mo ní èmi ni. Lẹ́yìn náà ló bi mí pé, Màmá, ṣé ẹ kò lẹ́nìkan nílùú yìí ni?

Ọmọ mi, nítorí ìbéèrè yẹn ni mo ṣe kọ lẹ́tà yìí, n kò fẹ́ kí o gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Mo rò ó bóyá kí n dárúkọ òpópónà yín. Mo ní rárá o, n kò lẹ́nìkan.

Ó ní kí n má yọ ara mi lẹ́nu, kí n wá sùn lọ́dọ̀ òun, àwọn ọmọ òun á sùn pọ̀ kí bẹ́ẹ̀dì kan lè ṣófo. Mo bi í pé ìràwọ̀ mélòó ni ilé rẹ̀ ní. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kò ní ẹyọ kan. Mo ní ó ti tẹ́ mi lọ́rùn.

Nítorí náà má fi owó ilé ìtura ránṣẹ́. Owó bàtà ni kí o fi ránṣẹ́, èyí tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ rọ̀, nítorí ẹsẹ̀ la ó máa fi rìn. Bí ó bá ṣẹ́ kù, kó jẹ́ ti páànù tí n ó fi bo ibi ìsunkòkò. Àbúrò mi ti wo ọ̀nà: láti ilé obìnrin náà dé ibi àmù, iwájú òpópónà yín náà la ó gbà. Láàárọ̀ ni n ó máa kọjá. Bí o bá ń gbé kẹ̀kẹ́ rẹ jáde, tí o rí ìyá arúgbó kan tó wọ bàtà tuntun, o lè kí i. Á dáhùn.

Ọlọ́run á bù kún iṣẹ́ rẹ, á ṣọ́ ọ lọ́nà, á ṣọ́ kẹ̀kẹ́ rẹ pẹ̀lú. Wàá bímọ. Àwọn ọmọ rẹ á kọ́lé. Ilé wọn á gbà ọ́.

Èmi ni,
Ìyá tó bí ọ.