Ìbọn Kì Í Kúnlẹ̀

Mọ́ńdè, 6 Oṣù Kẹwàá 2025
Ohun tí mo rí láàárọ̀ yìí: ebè ẹ̀gẹ́ mọ́kàndínlógún tí ọ̀yà ti jẹ. Ìgbẹ́ ọ̀yà, tútù. Bàbá mi lórí àpótí, báńdéèjì lójú ọ̀tún wọn. Ìbọn wọn lórí ìṣó — eruku ti bò ó.

Dókítà ní ojú yẹn kò lè bá wọn yìnbọn mọ́. Ẹ̀gbọ́n Bàbá, Má-Rẹ́rìn-ín (èmi nìkan ló ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀, níhìn-ín nìkan), gbà láti kọ́ mi. Àdéhùn: bí mo bá ṣàṣìṣe lẹ́ẹ̀mejì kó tó di ìrọ̀lẹ́ Sátidé, ìbọn ń lọ sí ìlú Iffe, sọ́dọ̀ Success, ọmọ àbúrò Bàbá. Ọwọ́ Bàbá ń wá ìṣó yẹn lára ògiri.

Túsìdeè, 7
Igi lásán ni Má-Rẹ́rìn-ín ní kí n gbé kiri oko, bí ìbọn. Mi ò rẹ́rìn-ín. Àwọn náà kò rẹ́rìn-ín.

Tọ́sìdeè, 9
Ìbọn gan-an, láìsí ọta. Má-Rẹ́rìn-ín ní kò sí ìbọn tó ṣófo láyé. Bí mo tilẹ̀ yọ ọta fúnra mi, kí n gbé e bí ẹni pé ọta wà níbẹ̀. Ìka kúrò níbi tí a ń fà. Kí n mọ ohun tó wà lẹ́yìn ohun tí mo fẹ́ yìn. Mo mọ gbogbo rẹ̀ sórí.

Bí a ṣe ń darí bọ̀, a pàdé Ìyá Agatha, àgbà obìnrin ilé wa. Orúnkún mi ti kanlẹ̀ kí n tó ronú. Ìbọn tó wà léjìká mi bá mi tẹ̀ síwájú — ẹnu rẹ̀ ń wo àyà Ìyá. Wọ́n súre fún mi, wọ́n kọjá. Wọn ò mọ nǹkan kan.

“Ìkúnlẹ̀ rẹ ti pa Ìyá,” Má-Rẹ́rìn-ín wí. Wọ́n gba ìbọn lọ́wọ́ mi.

Ẹ̀ẹ̀kan nìyẹn.

Fráìdeè, 10
Mo tún padà gbé igi lásán yẹn. Mo fi odó ẹ̀yìnkùlé ṣe àgbàlagbà. Dúró. Yọ ọta. Tẹ́ ìbọn sílẹ̀, ẹnu rẹ̀ síhà igbó. Kí n tó wá kúnlẹ̀. Ogójì ìgbà. Delight, àbúrò mi, dúró lẹ́nu ọ̀nà: “Sista, odó ò dá yín lóhùn o. Bóyá ó ń bínú.” Ẹ̀rín kan ṣoṣo tí mo rín lọ́sẹ̀ yìí nìyẹn.

Sátidé, 11
Ẹ̀yìn oko. Kẹ́ẹ̀gì òfìfo níwájú òkìtì ọ̀gán ńlá, kí ọta má baà kọjá. Òwú létí mi. Ọta kan, irin wẹ́wẹ́ kún inú rẹ̀. Mo ti fi ìdí ìbọn ti èjìká, bẹ́ẹ̀ ni ẹnìkan kí wa lẹ́yìn: “Okun o.”

Mo mọ ohùn náà. Bàbá Gbádéyan, olórí ọdẹ wa. Orúnkún mi fẹ́ lọ. Mi ò jẹ́ kó lọ. Mi ò yíjú. Wọ́n tún kí — àgbà, lẹ́ẹ̀mejì! Mo yọ ìka. Mo ṣí ìbọn. Mo yọ ọta sápò, mo tẹ́ ìbọn sílẹ̀, ẹnu sí ọ̀gán. Ìgbà yẹn ni mo tó yí padà, tí mo kúnlẹ̀.

Bàbá Gbádéyan ti fajú ro. Wọ́n kọjú sí Má-Rẹ́rìn-ín: “Ọmọ ta nìyí, tí àgbà ń kí, tó ń yọ nǹkan sápò?”

“Tèmi ni.” Má-Rẹ́rìn-ín rẹ́rìn-ín.

Eyín iwájú wọn méjì ti ká. Mi ò mọ̀ títí di òní.

Mo wá yìn ín. Kẹ́ẹ̀gì fò, ó ṣubú. Mo gbé e wálé fún Bàbá. Wọ́n fi ìka wá ojú ihò, ọ̀kọ̀ọ̀kan: mọ́kànlá. Wọ́n tún un kà. Wọ́n ní kí n lọ kan ìṣó sí yàrá tèmi.

Ìbọn wà lórí ìṣó. Ọta wà lọ́tọ̀, nínú àpótí tí mo tì. Èjìká ọ̀tún ń ta mí. Mi ò fẹ́ kó tètè san. Mo fi ti òsì dùbúlẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú méjìlá.