Bàbá Ó-Dọ́gba, Ẹni Tí Kò Fi Oògùn Rẹ̀ Pamọ́

Yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ ìyá wọn ni wọ́n bí olóògbé sí lọ́dún 1950. Bàbá wọn ń tún aago ṣe. Kí olóògbé tó mọ ìwé kà ni wọ́n ti ń tú maṣíìnì ìyá wọn palẹ̀, tí wọ́n sì ń tò ó padà. Wọ́n jáde ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1963. Ìyókù, maṣíìnì ló kọ́ wọn.

Àtúnṣe maṣíìnì ìránṣọ ni iṣẹ́ wọn. Bí òwú bá le jù, á máa já. Bó bá dẹ̀ jù, á máa ta kókó lábẹ́ aṣọ. Olóògbé á rọra yí nọ́ọ̀tì kékeré tó ń darí òwú, wọ́n á fà á wò, wọ́n á ní, “Ó dọ́gba.” Ibẹ̀ ni orúkọ wọn ti wá.

Wọ́n fẹ́ ìyàwó wọn, olùkọ́, lọ́dún 1977.

Lọ́dún 1984, àìsàn tó ń gbé ọkàn sókè sódò dé. Nígbà mìíràn inú wọn á dùn kọjá ààlà, oorun ò ní kùn wọ́n, wọ́n á sì gba iṣẹ́ gbogbo àdúgbò; nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, wọn ò ní lè dìde lórí ibùsùn. Oríṣiríṣi oògùn ni wọ́n lò tí kò ṣiṣẹ́. Ṣọ́ọ̀bù fẹ́ẹ̀ kógbá sílé. Dókítà wá fún wọn ní oògùn wárápá, ó ní ó máa ń mú irú àìsàn bẹ́ẹ̀ rọlẹ̀ nígbà tí àwọn yòókù bá kùnà. Ilé tòrò.

Àfi bí ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin, aránṣọ, ṣe ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí oògùn. “Wárápá kẹ̀? Ta ló ń ṣe nílé wa?” Ni ẹ̀gbọ́n bá kó gbogbo rẹ̀ dànù. Kò pẹ́ tí àìsàn fi padà, ó sì le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ilé ìwòsàn ni wọ́n gbé olóògbé lọ.

Nígbà tí wọ́n padà sídìí oògùn náà, tí ara wọn sì balẹ̀, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ni wọ́n kọ́kọ́ lọ. Wọ́n kán epo sí maṣíìnì ẹ̀gbọ́n, wọ́n kán an sí sísọ́ọ̀sì pẹ̀lú. Wọ́n ní, “Àǹtí mi, epo maṣíìnì lèyí o. Ṣé sísọ́ọ̀sì yín ti wá di maṣíìnì ni?” Àǹtí rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rín fi di ẹkún. Láti ìgbà náà, Àǹtí ló ń bá wọn lọ síbi àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí ẹni tó ń lo oògùn náà gbọ́dọ̀ máa ṣe.

Orí tábìlì iṣẹ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ agolo epo, ni olóògbé ń gbé oògùn wọn sí, níṣojú oníbàárà. Nínú ìjọ, wọ́n dá ìpàdé sílẹ̀ fún àwọn tí irú àìsàn náà ń ṣe. Ẹni tó bá fẹ́ já oògùn sílẹ̀ torí pé ara rẹ̀ ti yá, wọ́n á ní kó kọ́kọ́ wá yọ nọ́ọ̀tì lára maṣíìnì tó ń ránṣọ dáadáa, kó wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Kò sẹ́ni tó yọ ọ́ rí.

Ìyàwó, Àǹtí, ọmọ mẹ́rin, ọmọ-ọmọ mọ́kànlá àti ọ̀pọ̀ tí wọ́n kọ́ níṣẹ́ ló gbẹ̀yìn wọn.

Bàbá wa, ìgbà kan wà tí oorun kọ̀ yín sílẹ̀. Ẹ wá a títí ẹ fi rí i, ẹ sì tọ́jú rẹ̀. Ẹ máa sùn wàyí. Ó dọ́gba.