Sátidé Tí Wọn Yóò Dárúkọ Ṣínà

Sátidé, 5 Òkítóbà 1957

Mo tún lọ jókòó níwájú ilé Sùlèímánì lọ́sàn-án yìí. Òun nìkan ló ní rédíò ní àdúgbò wa. Obì ló ń tà, ṣùgbọ́n láti ìgbà tó ti ra rédíò yìí ló ti ń ṣe bí ẹni pé òun ló bí àwọn tó ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Ẹnu-ò-ṣeé-dì ni mò ń pè é nínú ìwé yìí. Kò gbọdọ̀ mọ̀.

Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ, èmi ni mo sì ń túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn ará àdúgbò. Ètò ọjọ́ ìbí àwọn olórin ni. Ẹni tó ń ṣe é — Ọmọ Afẹ́fẹ́ ni mo sọ ọ́, torí a kò rí i rí — á mú olórin mélòó kan tí ọjọ́ ìbí wọn bọ́ sí ọ̀sẹ̀ náà, á sọ ibi tí wọ́n bí wọn sí, bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀, ibi tí iṣẹ́ orin gbé wọn dé. Lẹ́yìn náà á gbé àwo wọn sí i.

Ti òní: aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà kan, ẹni tó ń fun fèrè idẹ, irú èyí tí Ṣínà ọmọ mi ń fun nínú ẹgbẹ́ olórin rẹ̀ ní Jọ́ọ̀sì. Ọmọ tálákà. Ó di olókìkí. Ó kú lẹ́ni ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Ọtí, àti àyà. Mo túmọ̀ gbogbo rẹ̀ àfi ibi ikú. Mo ní ó ṣì wà ní Amẹ́ríkà, ó ń jayé.

Ṣínà yóò pé ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n lóṣù tó ń bọ̀.

Ohun kan tún kù. Ọmọ Afẹ́fẹ́ ní kí ẹni tó bá mọ olórin ilẹ̀ wa tí ọjọ́ ìbí rẹ̀ ń bọ̀ kọ̀wé sí òun. Mo túmọ̀ ìyẹn náà. Kí ló dé tí n kò fi pa ẹnu mi mọ́?

Sọ́ńdè, 6 Òkítóbà

Ìwàásù kò wọ̀ mí létí. Àyà Ṣínà ni mò ń rò. Ó máa ń wúkọ́ ní kékeré.

Mọ́ńdè, 7 Òkítóbà

Gómìnà kò jẹ́ kí n sinmi. (Agatha ìyàwó mi ni. Oyè yẹn ti pẹ́ lórí rẹ̀.) Ó ní, “Ṣé àwọn ará Amẹ́ríkà nìkan ni ìyá bí? Ẹ kọ ọ́. Mo fẹ́ gbọ́ orúkọ ọmọ mi nínú nǹkan yẹn kí n tó kú.” Mo ní bóyá ojú á ti ọmọ náà. Ó ní ojú kì í ti ẹni tí wọ́n bá ń yìn.

Mo kọ ọ́. Olúṣínà, ọmọ Kàbbà, tí a bí ní ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù Nòfẹ́ńbà 1928. Ó kọ́ fèrè nílé ìwé, ó lọ ṣiṣẹ́ akọ̀wé níbi tí wọ́n ti ń wa tánganran ní Jọ́ọ̀sì, ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ nítorí fèrè. Ẹgbẹ́ wọn ti ṣe àwo kan tí èmi àti ìyá rẹ̀ kò tíì gbọ́, torí a kò ní ẹ̀rọ tó ń lu àwo.

Nígbà tí mo dé ìparí, mo kọ ọ́ pé èmi bàbá rẹ̀ ń bẹ Ọlọ́run kí ó máa fun fèrè náà títí eyín á fi ká lẹ́nu rẹ̀ lọ́jọ́ ogbó.

N kò sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún Ṣínà rí. Kí ó jáwọ́ níbẹ̀ ni mo máa ń sọ, kí ó wá iṣẹ́ ìjọba. Ṣùgbọ́n ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, sí ẹni tí n kò mọ̀, ó kàn jáde lọ́wọ́ mi ni.

Sátidé, 12 Òkítóbà

Olórin darandaran Amẹ́ríkà ni wọ́n mú lónìí. Ó ń ta gìtá, ó ń gba imú kọrin bí ẹni tí ọ̀fìnkìn ń yọ lẹ́nu. Mùínàt ìyàwó Ẹnu-ò-ṣeé-dì bi wá bóyá màlúù rẹ̀ ló sọnù. Kò pé ọgbọ̀n ọdún tó fi kú nínú mọ́tò lójú ọ̀nà òde orin. Mo túmọ̀ rẹ̀ pé ó sùn nínú mọ́tò.

Ẹnu-ò-ṣeé-dì wò mí títí. “Bàbá Akọ̀wé,” ó ní, “gbogbo olórin tí ẹ ti túmọ̀ fún wa, ẹnì kankan kò kú rí. Amẹ́ríkà yìí dára o. Ẹ jẹ́ ká kó lọ síbẹ̀.” Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Mo ń wá ẹyọ kan ṣoṣo nínú wọn tó darúgbó.

Fráìdeé, 18 Òkítóbà

Lẹ́tà mi á ti dé ọ̀dọ̀ wọn. Tàbí kò dé. N kò mọ èyí tí ǹ bá fẹ́.

Sátidé, 26 Òkítóbà

Mo rí i! Ẹni tó ń tẹ dùùrù ni. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, wọ́n ní ó ṣì ń tẹ̀ ẹ́ ní ilé ijó lálaalẹ́, ó ní ọmọ-ọmọ. Mo túmọ̀ gbogbo rẹ̀, mo tilẹ̀ fi díẹ̀ kún un. Mo ní irun orí rẹ̀ funfun bí òwú, bẹ́ẹ̀ rédíò kò sọ̀rọ̀ irun rárá.

Mo jẹun yó lálẹ́. Gómìnà ní ó ti pẹ́ tí òun ti rí mi báyìí gbẹ̀yìn.

Túsìdeé, 29 Òkítóbà

Ṣínà dé lónìí. N kò retí rẹ̀.

Lọ́rì láti Lọ́kọ́ja ló gbé e wá. Ó fi aṣọ bo ẹnu, ó gbé àpótí fèrè rẹ̀ lọ́wọ́. Mo rò pé eruku ọ̀nà ni. Gómìnà ṣí aṣọ náà, ó wò ó, ó sì dá a padà sí i díẹ̀díẹ̀. Eyín òkè iwájú, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò sí mọ́. Ti ìsàlẹ̀, méjì. Ètè rẹ̀ òkè ya, wọ́n rán an.

Ọkọ̀ ẹgbẹ́ wọn ló ṣubú lẹ́bàá afárá kan lọ́nà Kàdúná. Ẹnikẹ́ni kò kú. Irin ìjókòó iwájú ló gbá a lẹ́nu. Àwọn yòókù ti ń bá eré wọn lọ.

“Eyín ló lọ, ọmọ ló kù,” ni Gómìnà wí. Ó lọ gún iṣu fún un kí ó rọ̀.

Ọ̀sẹ̀ tí lẹ́tà mi wà lójú ọ̀nà ni ó ṣẹlẹ̀. Mo bi í léèmejì kó lè dá mi lójú. Ó ti tó ọdún mẹ́wàá tí mo ti ń gbàdúrà kí ọmọ yìí fi fèrè sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo kọ ọ́ pé kí ó máa fun ún títí eyín á fi ká. Èwo nínú àdúrà méjèèjì ni Ọlọ́run gbọ́?

Wẹ́sìdeé, 30 Òkítóbà

Ernest ti dìsípẹ́ńsárì wá wo ẹnu náà. Ó ní wíwú rẹ̀ á lọ. Ó ní wọ́n lè ṣe eyín àtọwọ́dá sí i ní Kàdúná. Mo sìn ín dé ìta, mo bi í bóyá ó lè fi fun fèrè. Ó họ orí. “Bàbá,” ó ní, “ó lè fi jẹ ẹran.”

Tọ́sìdeé, 31 Òkítóbà

Mo kọ lẹ́tà kejì sí Ọmọ Afẹ́fẹ́. Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó má ka ti àkọ́kọ́. Mo fà á lé awakọ̀ tó ń kó lẹ́tà lọ́wọ́ fúnra mi. Ó ní ọ̀nà kò dára.

Sátidé, 2 Nòfẹ́ńbà

Ṣínà kò jáde láti ìgbà tó ti dé. Kì í sọ̀rọ̀ ju bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí rédíò bẹ̀rẹ̀ lódìkejì títì, mo rí i lẹ́yìn kọ́tìnnì ojú fèrèsé. Ìka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mẹ́ta ń lọ sókè sódò lórí igi fèrèsé. Mo ṣe bí ẹni tí kò rí i.

N kò rántí olórin tí wọ́n mú lónìí.

Sátidé, 9 Nòfẹ́ńbà

Lẹ́tà kejì kò dé. Ní òpin ètò, Ọmọ Afẹ́fẹ́ ní lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ òun ní ọmọ ilẹ̀ wa kan, ọmọ Kàbbà, bàbá rẹ̀ ló kọ̀wé dídùn kan wá.

Gbogbo wọn kọjú sí mi. Mo ní ó ń sọ iye tí wọ́n ń ra òwú ní Kàbbà.

Ẹnu-ò-ṣeé-dì ní, “Òwú? Láàárín orin?”

Mo ní bí ìjọba ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ó jọ pé wọ́n gbà, torí kò sí ohun tí ìjọba kò lè ṣe. Mùínàt ní èló ni wọ́n wá ń rà á. Mo ní n kò gbọ́ ibẹ̀ dáadáa.

Ṣùgbọ́n Ṣínà gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí mo wọlé, ó ń nu àpótí fèrè rẹ̀. Kò wò mí. N kò mọ̀ bóyá ó wà lójú fèrèsé nígbà náà.

Mọ́ńdè, 11 Nòfẹ́ńbà

Mo lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ láti fi wáyà ránṣẹ́. Emmanuel akọ̀wé wọn ní ìjì tó gbẹ̀yìn òjò ti já wáyà náà, wọn kò tíì so ó. Ó bi mí pé ṣé ọ̀rọ̀ ikú ni. Mo ní rárá. Ó ní a jẹ́ pé kí n ṣe sùúrù.

Wẹ́sìdeé, 13 Nòfẹ́ńbà

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Ẹnu-ò-ṣeé-dì. Kò sí ọ̀nà mìíràn. Lẹ́tà, eyín, òwú. Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó má ṣí rédíò ní Sátidé.

“Mo ti ra bátìrì tuntun láti Lọ́kọ́ja,” ó ní. “Gbogbo àdúgbò mọ̀. Bí mo bá pa á, wọ́n á bi mí pé kí ló dé. Bàbá Akọ̀wé, ẹ sì mọ bí ẹnu mi ti rí.”

Mo mọ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Fún kí ni, n kò mọ̀.

Fráìdeé, 15 Nòfẹ́ńbà

Mo ní kí Ṣínà bá mi lọ sóko lọ́la, ká sùn síbẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ lábẹ́ aṣọ tó fi bo ẹnu. “Ọjọ́ ìbí mi ni lọ́la, Bàbá. Mo fẹ́ gbọ́ rédíò.”

Sátidé, 16 Nòfẹ́ńbà

Èrò pọ̀. Gómìnà ró aṣọ àlàárì rẹ̀. Èmi kò tíì sọ fún un pé òní ni, ṣùgbọ́n òun náà ti ka ọjọ́ tirẹ̀. Ṣínà jáde. Ó dúró lẹ́yìn gbogbo wa, aṣọ lẹ́nu. Ẹnu-ò-ṣeé-dì gbé àpótí obì sílẹ̀ fún un láti jókòó, kò sì sọ nǹkan kan.

Ọmọ Afẹ́fẹ́ mú ará Amẹ́ríkà méjì kọ́kọ́. Lẹ́yìn náà ó dárúkọ Olúṣínà. Ó ka lẹ́tà mi láti òkè délẹ̀. Ohùn rẹ̀ dára. Kò fo nǹkan kan.

Wọ́n kọjú sí mi. “Kí ló wí, Bàbá Akọ̀wé?”

Mo ní, “Ó ní... ọmọ Kàbbà kan.” Mo tún bẹ̀rẹ̀. N kò lè lọ síwájú.

Ṣínà dìde. Ó tú aṣọ kúrò lẹ́nu, níwájú gbogbo wọn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ rẹ̀. Atẹ́gùn ń jò láàárín ọ̀rọ̀ rẹ̀, ọ̀rọ̀ mìíràn kò ṣeé gbọ́, á tún un sọ. Ibi tí a bí i sí. Ilé ìwé. Jọ́ọ̀sì. Àwo tí a kò tíì gbọ́. Ó dé ibi àdúrà. Mo wo ilẹ̀.

Ó ní, “Bàbá mi ní òun ń bẹ Ọlọ́run kí n máa fun fèrè náà títí eyín á fi ká lẹ́nu mi lọ́jọ́ ogbó.”

Bí mo ti kọ ọ́ gan-an ni. Kò yọ ọjọ́ ogbó kúrò. Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Mùínàt fi ìborí bojú.

Wọ́n wá gbé àwo náà sí i. Fèrè pọ̀ níbẹ̀. Gómìnà ní, “Èwo ni tìẹ nínú wọn?” Ìgbàkígbà tí tirẹ̀ bá dé, Ṣínà á na ìka kan sókè, á ní, “Èyí.” Gómìnà á mi orí. “Èyí.” Ó tún mi orí. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe títí orin náà fi parí. Èmi náà gbọ́ ọ. Ó dára. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, ó dára gan-an.

Bí a ti ń kọjá títì padà sílé, ó ní, “N kò mọ̀ pé ẹ fẹ́ ẹ, Bàbá.”

Mo ṣí ilẹ̀kùn fún un.

Sọ́ńdè, 17 Nòfẹ́ńbà

A ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Ó ṣí àpótí rẹ̀, ó gbé fèrè náà lé mi lọ́wọ́. Ó wúwo ju bí mo ti rò lọ, ó sì tutù.

“Eyín tiyín pé,” ó ní.

Mo ní arúgbó ni mí. Mo ní àyà mi kò le. Ó fi ọwọ́ tirẹ̀ tún ètè mi ṣe, bí mo ti máa ń ṣe fún un nígbà tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń súfèé. Ó ní kí n ṣe bí ẹni tó fẹ́ tu ìyàngbò kúrò lórí ahọ́n. Lẹ́yìn náà ó gbé ìka rẹ̀ mẹ́ta lé orí ibi tí wọ́n ń tẹ̀, ó ń dúró dè mí.

Mo fun ún. Afẹ́fẹ́ lásán ló jáde.

Mo tún un fun. Nǹkan kan ké níbẹ̀. Gómìnà bi wá láti ilé ìdáná pé ta ló tẹ ewúrẹ́ mọ́lẹ̀.

Ṣínà kò rẹ́rìn-ín. Ìka rẹ̀ kò kúrò níbẹ̀. Mo sọ fún un pé n kò lè ṣe é, pé kò sí bí mo ṣe lè ṣe é láéláé.

Ó ní, “Ẹ tún un fun.”