Ọkọ̀ Irin Nínú Oko Ìyá Rẹ

Àkọ́bí mi,

Ìyá rẹ kú ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n parí títì wa. O mọ̀, ìwọ lo bu iyẹ̀pẹ̀ àkọ́kọ́ sí i lórí nínú oko rẹ̀, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀, n kò sì mọ ẹnu ọ̀nà mìíràn tí mo lè gbà wọ̀ ọ́. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé ara le? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí o sin ẹni tó yẹ kó sin ọ́. Èmi náà wà. Orúnkún ń dùn mí, eyín ti lọ, ẹnu ṣì wà. Àbúrò rẹ aránṣọ ló ń kọ ohun tí mo ń sọ, mo sì ti kìlọ̀ fún un kó má fi ọgbọ́n ilé ìwé tún un ṣe.

Ọmọ mi, ojú mi ti rí nǹkan. Títì tí a fi ogún ọdún bẹ ìjọba fún, tí a kọ̀wé lé lórí títí ẹni tó ń bá wa kọ ọ́ fi kú, àwọn ṣọ́jà wá tẹ bárékè sẹ́yìn odò, kò pẹ́ kò jìnnà títì ti dán bí ẹyin. Wọ́n fa iná wá. Àbúrò rẹ tó jẹ́ pé àbùlẹ̀ ló fi ń jẹun tẹ́lẹ̀, aṣọ ṣọ́jà ló ń rán báyìí, ó ti ní àwọn ọmọṣẹ́ tó ń pè é ní Màdáámù. Oníbúrẹ́dì kọ́lé. Rédíò ní owó tí ìjọba ń ná sórí ogun ló ń mú kí ọrọ̀ ajé gbèrú. Mo ní wọn kò purọ́. Ogun tí kò tíì jà ló ń bọ́ wa báyìí, bó bá wá jà ńkọ́?

Ọjọ́ tí àwọn ọkọ̀ irin tí ṣọ́jà fi ń jagun dé, ilẹ̀ mì títí abọ́ fi ń jó lórí pẹpẹ. Ọ̀kan yà sínú oko ìyá rẹ, ó gba àárín rẹ̀ kọjá, ilẹ̀ sì là. Mo dúró, mo la ẹnu sílẹ̀. Ohun tí mo fi ọkọ́ tú ní ọ̀sẹ̀ kan, ó tú u kí n tó sín. Mo ní, háà, ìjọba ti rántí àgbẹ̀! Mo lọ bá ọ̀gá wọn, mo kí i kú iṣẹ́, mo ní kó bá mi tú apá kejì náà, mo sì bi í bóyá inú ọ̀pá oníhò gígùn tó yọ síwájú yẹn ni irúgbìn ń gbà bọ́ sílẹ̀. Àwọn ṣọ́jà rẹ́rìn-ín títí ọ̀kan fi dì mọ́ ọkọ̀. Ọ̀gá kò rẹ́rìn-ín. Ó ní irúgbìn tó ń ti ibẹ̀ jáde, n kò ní fẹ́ kó hù lóko mi. Mo ní irúgbìn wo ni àgbẹ̀ kì í fẹ́? Mo bi í pé èló ni wọ́n ń ra ọ̀kan nínú ọkọ̀ náà. Ó ní bí òun bá sọ ọ́, n ó jókòó sílẹ̀. Mo jókòó kó tó sọ ọ́. Ó sọ ọ́, n kò lè dìde.

Mo gbin àgbàdo sí ojú ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà. Àbúrò rẹ ní ojú ń ti òun. Òjò ọdún yìí ṣọ̀wọ́n, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba tó rọ̀ dúró sínú kòtò yẹn, àgbàdo ibẹ̀ ga jù mí lọ, ti ibi yòókù kò kan orúnkún. Ọ̀gá ṣọ́jà wá wò ó, ó ṣí fìlà. Lẹ́yìn náà ló sọ ohun tó gbé e wá. Wọ́n fẹ́ gba gbogbo oko náà, kí àwọn ọkọ̀ máa fi kọ́ ìjà. Wọn ó sanwó. Mo ní ó dára, kí wọ́n ṣáà máa rọra yà níbi sàréè ìyá rẹ. Ó wo ilẹ̀. Ó ní ọkọ̀ yẹn kì í rọra yà, Bàbá.

Mo rántí ọjọ́ tí a gbé ìyá rẹ lọ sí ilé ìwòsàn. Ọ̀nà tuntun yẹn dán débi pé omi tí mo gbé dání fún un kò ta sílẹ̀. Mo ń yin ìjọba lọ lójú ọ̀nà. A tètè dé. Nọ́ọ̀sì ṣí àpótí oògùn, aláǹtakùn nìkan ló wà níbẹ̀. Ọmọ mi, ta ní ń la irú ọ̀nà báyẹn tí kì í fi ìgò oògùn kan sí òpin rẹ̀?

Àbúrò rẹ ní kí n gbà fún wọn, pé bí àwọn ṣọ́jà bá bínú kó lọ, àwọn ọmọṣẹ́ òun yóò padà sílé wọn, oníbúrẹ́dì yóò sì pa iná ààrò. Òótọ́ ló sọ. Ó ti dáwọ́ kíkọ dúró báyìí, mo ní kó máa kọ lọ.

Owó tí o máa ń fi ránṣẹ́ sí mi, má dá a dúró. Ṣùgbọ́n ti oṣù yìí, fi ra oògùn, kí o sì gbé e fún nọ́ọ̀sì. Àpótí yẹn kò kúrò lójú mi.

Ilẹ̀ yẹn kì í ṣe tèmi. Ìyá rẹ ló ṣán igbó rẹ̀, ó sì sọ ọ́ lójú gbogbo yín pé ti àkọ́bí òun ni. Ọ̀gá ṣọ́jà ń padà bọ̀ wá gbọ́ èsì nígbà tí àgbàdo bá gbẹ. Mo ti sọ fún un pé ẹni tó ni ín ń bọ̀ láti ìlú ńlá. Bí o bá ní kí wọ́n máa mú un lọ, n ó di ọkọ́ mú, n ó hú ìyá rẹ fúnra mi, n kò ní jẹ́ kí irin bá mi hú u. Bí o bá ní rárá, n ó gbé àga lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè rẹ̀, n ó jókòó tì í. Ọlọ́run yóò fún ọ ní ọgbọ́n tí kò fún mi. Ilé kò ní dà mọ́ ọ lórí, ọ̀nà kò ní nà ọ́. Tètè wá, àgbàdo ti ń gbẹ. Mo ti gbé ọ̀rọ̀ náà lé ọ lọ́wọ́.

Bàbá rẹ ni.