Bàbá Wa Ó-Kù-Díẹ̀ àti Apá Kẹrin Fíìmù Tí Kò Jáde

Ọdún 1944 ni wọ́n bí Bàbá wa, olóògbé tí ẹ wá bá wa sin lónìí, sí yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kan. Télọ̀ ni bàbá tó bí wọn lọ́mọ, télọ̀ náà ni bàbá bàbá wọn. Ọmọ mẹ́ta ni ìyá wọn bí, Bàbá nìkan ló yè, wọ́n sì ń gbé wọn gẹ̀gẹ̀ bí ẹyin.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 1950, wọ́n sì parí ilé ẹ̀kọ́ girama ní 1963. Bàbá wọn fẹ́ kí wọ́n jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ, àmọ́ sinimá ti kó sí wọn lórí. Wọ́n gba iṣẹ́ sí yàrá ẹ̀rọ ilé sinimá kan, yàrá kótópó tó gbóná bí ààrò. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń yí fíìmù, tí wọ́n ń lẹ èyí tó bá já, tí wọ́n sì fi ojú kọ́ bí wọ́n ṣe ń gé e àti bí wọ́n ṣe ń tò ó.

Ní 1968, Bàbá gbé ọmọbìnrin tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì lójú fèrèsé ilé sinimá yẹn níyàwó. Màmá wa nìyẹn. Kí Màmá tó wọlé, ẹ̀rín wọn á ti wọlé. Wọ́n bí àwa ọkùnrin méjì, lẹ́yìn náà ni wọ́n bí àbúrò wa obìnrin, àbígbẹ̀yìn wọn.

Ní 1979 ni Bàbá ṣe apá kìíní fíìmù tí gbogbo yín mọ̀. Màmá ṣe ìyá tó fi ilé sílẹ̀ lọ wá iṣẹ́ lókèèrè, Bàbá fúnra wọn ṣe ọkọ, àbúrò wa sì ni ọmọ kékeré tó dúró sẹ́nu ọ̀nà tó ń juwọ́. Ẹkún tí àwọn èèyàn sun nílé sinimá lọ́jọ́ náà, kò ṣeé fẹnu sọ. Apá kejì jáde ní 1982, ìyá yẹn ò tíì dé. Gbogbo èèyàn ló ń béèrè apá kẹta.

Ní 1985, Màmá ṣàìsàn, ọlọ́jọ́ sì dé. Àbúrò wa ò ju ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ. Kí ni Bàbá wí fún un? Wọ́n ní Màmá ti lọ sí ọ̀nà jíjìn, wọ́n lọ ya apá kẹta. Wọn ò jẹ́ kó bá wa dé itẹ́ òkú. Ọmọ yẹn gbà á gbọ́, ṣebí ó ti juwọ́ sí Màmá lójú kámẹ́rà rí. Ẹnu ọmọ kíláàsì rẹ̀ kan ló ti gbọ́ òótọ́, nígbà tí wọ́n ń jà du àga. Ó sáré wálé wá bi Bàbá. Bàbá wò ó, wọ́n sì jáde nílé.

Apá kẹta ò jáde títí di 1994. Bàbá kọ̀ jálẹ̀ pé obìnrin mìíràn ò ní wọ aṣọ Màmá. Wọ́n dúró kí àbúrò wa dàgbà ní ti gidi, wọ́n sì fi í ṣe ọmọ yẹn tó ti dàgbà, tó ń lọ sílé ọkọ nínú fíìmù náà. Ìyá ò yọjú rárá. Ìròyìn pé ó ti wà lọ́nà ni fíìmù fi parí.

Láti ìgbà náà ni àwọn ará àdúgbò ti sọ Bàbá ní Ó-Kù-Díẹ̀, nítorí ìdáhùn tí wọ́n máa ń fún ẹni tó bá béèrè apá kẹrin nìyẹn. Àwa tí a mọ iṣẹ́ yìí mọ̀ pé oríṣiríṣi nǹkan ló ń dá irú fíìmù bẹ́ẹ̀ dúró. Òṣèré á di gbajúmọ̀, kò ní ráyè mọ́. Àwọn tó ni ín á máa bára wọn fa ìtàn. Ẹni tó ń kọ ọ́ á ya ewé tó kọ lánàá dànù. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, kò sì sí èyí tí Bàbá ò fi ṣe àwáwí nínú wọn. Nígbà kan wọ́n ní kamẹramáànù wọn, ọ̀rẹ́ wọn àtijọ́, ló rìnrìn àjò, bẹ́ẹ̀ kamẹramáànù wà ní pálọ̀ wa, ó ń jẹun! Ẹ gbà wá o.

Onígbàgbọ́ ni Bàbá, wọn kì í pa ìsìn jẹ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti fẹ́ ka orúkọ àwọn tó ti sùn nínú Olúwa, wọ́n á dìde jáde. Ní àdúgbò, wọ́n kọ́ ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ kámẹ́rà lọ́fẹ̀ẹ́, púpọ̀ nínú wọn ló jókòó síbí yìí.

Ní 2019, àbúrò wa lọ kúnlẹ̀ níwájú wọn. Ó ní, "Bàbá mi, ẹ jẹ́ kí ìyá yẹn kú nínú fíìmù. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ sọ ọ́ fún mi. Ẹ ò sọ ọ́ fún mi rí." Bàbá fà á dìde, wọ́n sì ní ó dáa.

A to iná sí pálọ̀. Kamẹramáànù, tí orí ti funfun, gbé kámẹ́rà rẹ̀ kalẹ̀. Àbúrò wa jókòó níwájú Bàbá, ó di ọwọ́ wọn méjèèjì mú. Gbólóhùn kan péré ni Bàbá ní láti sọ: "Ìyá rẹ ti kú." Wọ́n lanu, ohùn ò jáde. Wọ́n tún un ṣe títí iná fi ń sun wá lójú. Níkẹyìn wọ́n ní, "Ó kù díẹ̀, ẹ jẹ́ ká ṣe é lọ́la."

Wọn ò jáde ní yàrá lọ́jọ́ kejì. Kí ọdún náà tó parí, àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù wọ́n, ó sì gba ohùn wọn pátápátá. Àbúrò wa ló ń fún wọn lóúnjẹ, tó ń wẹ̀ wọ́n, tó ń wo ẹnu wọn lójoojúmọ́. Bàbá dágbére fáyé ní 2023. Ó dùn wá wọnú eegun. Apá kẹrin ò ní sí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi wá mọ́.

Bàbá fi ọmọ mẹ́ta, ọmọ-ọmọ méje àti ọ̀rẹ́ wọn kamẹramáànù sáyé lọ. Ẹni tó ń bá wa tẹ ìwé yìí béèrè bóyá kí òun kọ ìyàwó mọ́ àwọn tó ṣẹ́kù. Rárá. Àbúrò wa, ìyá rẹ ti kú. Ọdún 1985 ni wọ́n kú, ẹ̀gbẹ́ wọn la sì ń sin Bàbá sí lónìí. Wá sunkún rẹ.

Bàbá, ọ̀rọ̀ tó wúwo jù lẹ́nu yín, àwa ọmọ yín ti bá yín sọ ọ́. Ẹ máa sùn o.