Adé Irun Tí Mo Gbà Lọ́jọ́ Ọ̀fọ̀

Agboolé Ọ̀ṣuntóyè,
Ìkìrun.
Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin, 1967.

Láníkẹ́ Àbẹ̀kẹ́, ọmọ mi,

Kí o tó ka lẹ́tà yìí, wá ìjókòó. Èmi ìyá rẹ, onídìrí lásán-làsàn, èmi ni olorì gbogbo onírun àdáyébá ní Ìkìrun, Inísà àti Òkukù báyìí. Wúńdíá mẹ́tàlá ni mo fi ẹ̀yìn wọn balẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ọkọ̀ ojú irin tó ń ti Èkó lọ sí Kánò dúró wò mí, awakọ̀ rẹ̀ bọ́ sílẹ̀, ó ṣí fìlà, ó ní látọjọ́ tí òun ti ń wa ọkọ̀ òun kò rí irú irun bẹ́ẹ̀ rí, àwọn èrò sì ń yọrí lójú fèrèsé bí adìẹ inú àgò. Mo ní kí n yára kọ̀wé sí ọ kí n tó di ẹni tí kì í bá ọmọ aráyé sọ̀rọ̀ mọ́.

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ń lọ déédéé? Ọlọ́run tó mú ọ dé Ìbàdàn kò ní fi ọ́ ṣòfò níbẹ̀. Ẹ̀rọ tí o fi ń tẹ̀wé kò ní tẹ̀ ọ́ níka. Ọ̀gá rẹ kò ní rí àṣìṣe rẹ, bó bá sì rí i, á rò pé tòun ni. Àmín. Àwa náà wà. Ewúrẹ́ wa bí ìbejì. Bàbá rẹ ní kí n kí ọ, wọ́n ti padà ń jẹun báyìí.

Ọ̀rọ̀ ìdíje yín ló kù. Nígbà tí lẹ́tà rẹ dé pé ẹgbẹ́ ọmọge yín n'Íbàdàn fẹ́ ṣe ìdíje ẹwà, pé kí n bá yín kó àwọn ọmọge jọ láti ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, pé kí ẹnikẹ́ni má dirun, kí ẹnikẹ́ni má fi irin gbígbóná na irun, kí kálukú tú u sílẹ̀ kó rí bí Ọlọ́run ṣe dá a, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á, torí kíláàsì ẹ̀kọ́ àgbà wa ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìwé kejì ni. Èmi onídìrí ni ẹ ní kí n lọ bẹ àwọn oníbàárà mi kí wọ́n má dirun! Ọgbọ́n yín pọ̀, ẹ̀yin ará Ìbàdàn. Lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ ó ní kí apẹja máa kó ẹja padà sódò. Ṣùgbọ́n o kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé bí nǹkan bá yọrí sí rere, ìwọ fúnra rẹ lo máa wọkọ̀ ojú irin wá fi adé dé ẹni tó bá borí. Ọdún kẹta rèé tí mo ti fojú kàn ọ́ gbẹ̀yìn. Bí o bá ní kí n fá orí gbogbo ìlú, màá pọ́n abẹ.

Mo kiri ilé dé ilé. Gbogbo ìyá ọmọ tí mo bá, ohun tí wọ́n ń bi mí ni pé ta ló kú, torí o mọ̀ pé níbí, obìnrin tó bá tú irun sílẹ̀ gba ojú ọ̀nà, bí orí rẹ̀ kò bá dàrú, a jẹ́ pé ó ń ṣọ̀fọ̀. Mo ní kò sẹ́ni tó kú, ẹwà ni, Ìbàdàn ló sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní tó bá jẹ́ Ìbàdàn ló sọ ọ́, ó dáa bẹ́ẹ̀. Mẹ́fà gbà ní Ìkìrun, mẹ́rin ní Òkukù, mẹ́ta n'Ínísà.

Fọ́ọ̀mù yín wá dé. Ó bèèrè ọjọ́ orí, a kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọdún tí ìjì ká òrùlé ilé ìwé. Ó tún ní ká wọn àyà, ká wọn ìbàdí, ká wọn ọmọ láti àtàrí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Mo rò ó títí. Irun ni ẹ ń wò, kí ni ẹ fẹ́ fi ìdí ọmọ ọlọ́mọ ṣe? Mo gbà pé àga ni ìjọba fẹ́ kàn fún wọn, kó má baà fún ẹnikẹ́ni. Télọ̀ ti lọ ṣọdún ní Ìbà, ni mo bá ránṣẹ́ sí Olúbọ̀dé káfíńtà tó ń kan pósí fún gbogbo wa. Lọ́jọ́ Sátidé, ó fi pẹ́ńsù há etí, ó to àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlá sí iwájú ilé wa pẹ̀lú irun títú lórí, ó ń wọ̀n wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń kígbe ìwọ̀n wọn síta. Nígbà tó kan ọmọ Òkukù kan tó ga, ó mi orí, ó ní èyí á jẹ pákó.

Ibẹ̀ la wà tí oníkẹ̀kẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ fi gbé ìwé wáyà rẹ dé láti Ìbàdàn. Gẹ̀ẹ́sì ni, kíláàsì wa kò sì tíì dé Gẹ̀ẹ́sì. Mo ní kí ni màá tún kà níbẹ̀ ju pé o ń bọ̀? Ta ní ń náwó wáyà láti sọ pé òun kò wá? Mo fi í há ìdí, mo jó díẹ̀, mo lọ gbá yàrá rẹ.

O mọ ará ìlú wa. Wáyà dé láti Ìbàdàn, àwọn ọmọge tú irun, Olúbọ̀dé sì ń wọn èèyàn. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo Ìkìrun ti mọ̀ pé Láníkẹ́ kú n'Íbàdàn, àfi èmi. Wọn kì í sì í túfọ̀ ọmọ fún ìyá lójijì. Ìyá Gbádéyan, ìyálé agboolé wa, tí kò rẹ́rìn-ín sí àwàdà mi láti ogún ọdún, wá jókòó tì mí, ó ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo ohun tí mo bá sọ. Ó gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ mi, ó ní kí n má fọwọ́ kan ọ̀bẹ lásìkò yìí. Mo ní àpọ́nlé alága ìdíje nìyẹn. Bàbá rẹ ti oko dé láìmú iṣu kan lọ́wọ́, wọ́n wojú mi, wọ́n wọ yàrá, wọ́n tilẹ̀kùn. Àwọn èèyàn ń gbé adìẹ wá, wọ́n ń gbé èlùbọ́ wá. Mo rò pé ti àbọ̀ rẹ ni. Mo dúpẹ́, mo súre fún wọn pé bí Ọlọ́run ṣe ṣe tèmi yìí, bẹ́ẹ̀ ni kó ṣe tiwọn náà lọ́dún yìí. Kò sẹ́ni tó ṣe àmín.

Ọjọ́ Ajé Àjíǹde pé. Ọkọ̀ ojú irin dé, ọ̀rẹ́ rẹ Mísì Ọmọ́dára nìkan ló sọ̀kalẹ̀, irun rẹ̀ rí rogodo bí òṣùpá. Mo bi í léèrè rẹ. Ó ní ṣebí o ti fi gbogbo rẹ̀ sínú wáyà. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, kí n má baà dà bí ará oko.

Èrò pọ̀ ní pápá ilé ìwé ju ti Kérésìmesì lọ. Àwọn ọmọ náà ń rìn kọjá, gbogbo èèyàn ń sunkún. Mísì ń kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, ó ní òun kò rí ìlú tí ẹwà ń dùn mọ́ nínú báyìí rí. Bí Ìyá Gbádéyan kò ṣe lè pa á mọ́ra mọ́ nìyẹn. Òun àti obìnrin méjì dì mí mú, wọ́n ṣí gèlè mi, wọ́n ń tú ṣùkú orí mi, wọ́n ní kí n gba kámú, pé omi ló dànù, agbè kò fọ́. Mo rò pé wọ́n fẹ́ kí n bá wọn díje ni. Irun tí mi ò tú níta láti ìgbà ọmọge mi dìde dúró, dúdú pẹ̀lú funfun, ó fẹ̀ bí agbòòrùn òyìnbó. Mo fọwọ́ lé ìbàdí, mo rìn lọ, mo rìn bọ̀. Bí mo ṣe ń jù ú ni ẹkún ń pọ̀. Mísì fò dìde, ó ní ó tán, ó fi adé dé mi.

Olúbọ̀dé ló wá súnmọ́ ọn wẹ́lẹ́, ó bèèrè pé ọkọ̀ wo ni òkú ń bọ̀ wọ̀, kí òun mọ bí pákó òun á ṣe gùn tó. Mísì ní òkú ta ni? Olúbọ̀dé dárúkọ rẹ. Mísì ní Láníkẹ́? Ó ní alẹ́ àná ni òun fi í sílẹ̀ tó ń dín dòdò! Ariwo ta. Ibẹ̀ ni ó ti jẹ́wọ́ ohun tó wà nínú wáyà: pé ìwọ tí o ní kí ẹnikẹ́ni má fi irin na irun, irin gbígbóná jó irun rẹ láti iwájú orí dé àárín, o ń dé wíìgì lọ síbi iṣẹ́, ojú sì ń tì ọ́ láti wá fi irun rírà dé àwọn onírun àdáyébá ládé.

Láníkẹ́, mi ò bínú. Orí yẹn ti wà lọ́wọ́ mi nígbà tí kò ní irun rárá. Mo mọ ojú àpá tó wà lẹ́yìn etí òsì. Mo ti tọ́jú òrí àti àdí. Fi gèlè wé e, kí o wọkọ̀ wá. Dúródọlá ará iwájú ilé wa ṣì ń kí mi kú ará fẹ́ra kù, ó ní Mísì kàn ń tù mí nínú ni.

Mi ò ní bèèrè owó. Ojú rẹ ni kí o fi ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn tó gbé adìẹ wá ti ń bèèrè rẹ̀ padà, wọ́n ní òkú kò sí mọ́, a sì ti jẹ mẹ́ta. Olúbọ̀dé náà ní òun ti gé pákó. Fi owó díẹ̀ kún ojú rẹ bí o bá ń bọ̀. Mú wíìgì náà wá pẹ̀lú, Bàbá rẹ fẹ́ fi dẹ́rù ba ẹyẹ lóko àgbàdo.

Ẹni tí wọ́n bá parọ́ ikú mọ́ ní ń pẹ́ láyé. Wàá pẹ́. Irun yóò hù lórí rẹ títí ọwọ́ onídìrí yóò fi máa ro ó. Ilé kò ní dí mọ́ ọ, ọ̀nà kò ní gùn jù fún ọ.

Èmi ni ìyá rẹ,
Ìyá Láníkẹ́ Aládé.

Mo gbàgbé ohun kan. Wúńdíá mẹ́tàlá pé, adé sì wà lórí ìṣó nínú yàrá rẹ. Ti ọkọ̀ ojú irin yẹn ni mo pa nírọ́. Kò dúró wò mí, awakọ̀ rẹ̀ kò sì ṣí fìlà. Èmi ni mo dúró wò ó, fèrèsé kan tẹ̀lé òmíràn, títí ìrù rẹ̀ fi wọ igbó lọ sí apá Inísà.